Ọdún Ni A Rà, A Kò Ra Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àṣìṣe ni, èmi fúnra mi ni mo sì ṣe é. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni kò mẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ òrukàn ni ọ̀ràn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ẹnìkan nínú yín a tara rẹ̀ gbọ́n.

Iṣẹ́ kéwú ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba ní àárọ̀, mo sì ń gbé wàláà ní ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́hun jẹ́ kí n ka méjèèjì dé ibi tó lápẹẹrẹ. Nítorí náà, nínú ẹbí wa, èmi ni ìwé máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí lẹ́tà bá dé láti ọ́fíìsì, wọ́n á ní, "Ẹ fún Àfáà kó bá wa wò ó." Ohun ìyìn ni lójú mi nígbà náà. N kò mọ̀ pé ẹrù ni.

Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2004, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo dé sí. Ó ti ra fúláàtì oníyàrá méjì kan ní ìhà gúúsù ìlú náà ní ọdún 2003. Báńkì ló bá a dá sí i, ó sì san gbèsè náà tán kí ó tó jáde láyé. Ọ̀rọ̀ èlé tó wà nínú irú owó bẹ́ẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí a ó sọ ọ́. N kò fẹ́ da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi fi òógùn ojú rẹ̀ ra ilé náà. Ó ń wa bọ́ọ̀sì lálẹ́, ó ń sùn lọ́sàn-án. Gbogbo ìgbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fọwọ́ kan ògiri yàrá, á ní, "Àwọn ọmọ mi kò ní háyà ilé níbí láé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 2005, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun mọ̀ńgàríbà tán ni ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa kan ilẹ̀kùn. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà ni. Ó mú lẹ́tà kan lọ́wọ́. Ó ní àwọn mẹ́ta nínú àwọn tó ní fúláàtì nínú ilé náà fẹ́ para pọ̀ láti fi ọdún kún ọdún tó kù lórí fúláàtì wọn. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá wọn dá sí i, kí owó lọ́yà lè fúyẹ́ fún gbogbo wọn. Ó ní, "Ó ku ọdún 82. Tó bá fi lè wọ ìsàlẹ̀ 80, owó rẹ̀ yóò di òmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì na lẹ́tà náà sí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo wò ó lórí ìdúró. Iye tí wọ́n ní yóò náni tó £4,000, yàtọ̀ sí owó lọ́yà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bùọ̀dá, ọdún méjìlélọ́gọ́rin! Ta ni nínú wa ni yóò wà láyé nígbà náà? Ẹ jẹ́ ká fi owó yìí ra ilẹ̀ sílé. Ohun tó jìnnà réré ni àwọn òyìnbó fi máa ń dẹ́rù bani." Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú àpótí ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, tàbí kí n sọ pé mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Kí ẹ̀yin tó wà nílé lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéésì, ọ̀nà méjì ni òfin wọn ti ọdún 1925 fọwọ́ sí tí ènìyàn lè gbà ní ilẹ̀ tàbí ilé. Ọ̀nà kìíní ni kí ènìyàn ní in títí ayé, òun àti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní fíríhóòdù. Ọ̀nà kejì ni kí ẹni tó ni ilẹ̀ fún un ní iye ọdún kan, bóyá 99, bóyá 125, bóyá 999. Èyí ni líìsì. Àwọn fúláàtì tó wà lórí ara wọn, tí àjà ẹnìkan jẹ́ ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń tẹ̀, líìsì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ẹni tó ra irú rẹ̀ a máa sọ pé òun ti nílé ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ọdún ni ó rà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọjọ́ kan ti dín nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọdún náà bá pé, ilé padà sọ́wọ́ onílẹ̀ nìyẹn. Òfin lè jẹ́ kí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ dúró bí ayálégbé tó ń san owó oṣù, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, kò sì lè fi í ṣe ogún fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rò pé nǹkan yìí ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Láyé àwọn bàbá wa, àlejò tó bá fẹ́ dáko a tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún: iṣu, epo, tàbí owó nígbà tí kòkó dé. Àwọn òyìnbó náà ń gba irú ìṣákọ́lẹ̀ yìí lórí líìsì. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ £50 lọ́dún, tí yóò di £100 nígbà tó bá yá. Ẹni tó bá sì ka ìwé fíkíhì yóò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ḥikr, èyí tí wọ́n ń lò lórí ilẹ̀ wákáfù ní àwọn ìlú bí Íjíbítì àti Síríà: ẹni tó fẹ́ kọ́lé á san owó ńlá kan lẹ́ẹ̀kan, á sì máa san owó kékeré lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o. Àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ déédéé, tí kò sẹ́ onílẹ̀, kò sí ẹni tó ń ka ọdún mọ́ ọn lórí. Ọmọ rẹ̀ a máa dá oko náà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Líìsì ti òyìnbó ní tirẹ̀, kíkà ni wọ́n ń kà á.

Kí ló wá wà nínú ọdún 80 tí ìyá ará Jàmáíkà náà ń pariwo? Ní ọdún 1993, ìjọba ilẹ̀ náà ṣe òfin kan tó fún onífúláàtì ní ẹ̀tọ́ láti gba ọdún 90 kún èyí tó kù, kí ìṣákọ́lẹ̀ sì di hóró ata kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé: hóró ata kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ìṣákọ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ kì í fún ni ní ọdún 90 lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ohun mẹ́ta ni ènìyàn yóò san. Èkíní ni àpapọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ kò ní rí gbà mọ́. Èkejì ni owó ìdúró, nítorí pé ilé tí ì bá padà sọ́wọ́ onílẹ̀ láìpẹ́ yóò tún pẹ́ sí i kí ó tó padà. Ẹ̀kẹta ni pé, bí ọdún tó kù kò bá ju 80 lọ, onílẹ̀ yóò gba ìdajì èrè tí ọdún tuntun náà mú bá iye ilé. Owó ìgbéyàwó ni wọ́n ń pe ẹ̀kẹta yìí, bí ẹni pé ilé àti ilẹ̀ ṣe ìyàwó, tí onífúláàtì nìkan sì ń san owó orí. Bí ó bá ku ọdún 80 àti ọjọ́ kan, kò sí owó ìgbéyàwó. Bí ó bá fi ọjọ́ kan dín ní 80, owó ìgbéyàwó ti wọlé.

Ìyá yẹn mọ gbogbo èyí. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé kò mọ̀ ọ́n, n kò sì béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde láyé ní oṣù kọkànlá ọdún 2018. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni. A gba kádàrá. Ó fi ìwé wàsíyà sílẹ̀, ó sì fi èmi àti ìyàwó rẹ̀ ṣe alábòójútó ogún. Àwọn òbí wa ti ṣaájú rẹ̀ lọ, nítorí náà ìpín náà kò ṣòro: ìdámẹ́jọ fún ìyàwó, ìyókù fún ọmọ mẹ́ta, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì. Èmi àbúrò kò ní ìpín kankan níbẹ̀, nítorí pé ọmọkùnrin wà. Ọmọ tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 13.

Ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí ìwé náà ní oṣù karùn-ún ọdún 2019. Ìyàwó wa ní òun fẹ́ ta fúláàtì náà, kí òun kó lọ sí ìlú tí ilé kò wọ́n tó ti Lọ́ńdọ̀nù, kí ìpín àwọn ọmọ sì wà ní mímọ̀. Ọkùnrin kan dá £255,000 lé e. Inú wa dùn. Báńkì rẹ̀ rán ẹni tó ń díyelé ilé wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ní òun kò rà á mọ́: ó ku ọdún 68 péré, báńkì òun kò sì ní yá òun lówó lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹlòmíràn tó ní owó lọ́wọ́ wá, ó dá £215,000. Ó ní àwa náà mọ ìdí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí à ń tú àpótí ìwé ẹ̀gbọ́n mi láti wá líìsì náà, mo rí lẹ́tà ọdún 2005. Ó ti pọ́n létí. Mo yí i padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi bírò kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí ẹ̀yìn rẹ̀: "Àfáà ní ká fi í sílẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò lè sọ bí ara mi ṣe rí. Ìyàwó wa wà nínú yàrá kejì, ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Mo ká lẹ́tà náà, mo sì fi í sí àpò jàlàbíà mi. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi gbé e kiri. Ní ọjọ́ Sátidé, tí mo bá ń ṣe àlàyé fún àwọn ọmọ kéwú nípa āyà tó gùn jù nínú Súrà Bákárà, níbi tí Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀ kí á sì wá ẹlẹ́rìí sí i, n kì í lè wo ojú wọn. Wọ́n kọ́ wa pé ohun ìfipamọ́ ni ìmọ̀ràn jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Èmi ti jẹ ohun ìfipamọ́ náà mọ́ ẹ̀rín.

Lọ́yà tí a lọ bá sọ fún wa pé ìrètí kò tíì pin. Ó ní òfin gba àwọn alábòójútó ogún láàyè láti béèrè ọdún 90 náà lórúkọ olóògbé, bí a bá ti ṣe é láàárín ọdún méjì tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí ìwé. Bí a bá jẹ́ kí ọdún méjì náà kọjá, ẹni tó bá gba ilé yóò tún ní láti dúró fún ọdún méjì mìíràn kí ó tó béèrè, nítorí bí òfin ṣe wà nígbà náà nìyẹn. Ọdún a sì máa dín kù, owó a sì máa pọ̀ sí i.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni onílẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ̀wé. Ilé-iṣẹ́ kan ni, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí a má ṣe fi owó ṣòfò lórí lọ́yà. Wọ́n ní àwọn yóò sọ líìsì náà padà di ọdún 99 fún £17,000, ìṣákọ́lẹ̀ yóò sì jẹ́ £250 lọ́dún. Ìyàwó wa gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Àfáà, ẹ ò rí i pé Ọlọ́hun ti ṣí ọ̀nà?"

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò rẹ́rìn-ín, n kò sì kà á lórí ìdúró. Mo mú lẹ́tà náà lọ sílé, mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ojú ìwé kejì, wọ́n kọ ọ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ náà yóò máa di ìlọ́po méjì ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo mú bírò. £250 ní òní. Lẹ́yìn ọdún 10, £500. Lẹ́yìn 20, £1,000. Lẹ́yìn 30, £2,000. Lẹ́yìn 40, £4,000. Lẹ́yìn 50, £8,000 lọ́dọọdún, lórí ilé tí wọ́n sọ pé tìrẹ ni. Ta ni yóò ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà? Mo gbé ìṣirò náà lọ bá ìyàwó wa. Ó wò ó, ó dákẹ́, ó ní, "Ọlọ́hun ló kó wa yọ." Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni òfin mìíràn ti dènà irú ìṣákọ́lẹ̀ tuntun yìí lórí ọ̀pọ̀ líìsì tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ojú ẹni ni í gbani.

A wá gba ọ̀nà òfin. A gba ẹni tó mọ iye ilé, ó ṣírò rẹ̀, ó ní owó náà kò yẹ kí ó ju £21,000 lọ púpọ̀, ó sì tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ owó ìgbéyàwó. Lọ́yà wa fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí onílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Ọjọ́ tí ìwé yẹn bá dé ọwọ́ onílẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọdún tó kù, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ fà lẹ́yìn ìgbà náà, owó kò tún lè gun òkè nítorí ọjọ́ tó ń lọ. Òfin fún onílẹ̀ ní ó kéré tán oṣù méjì láti fèsì. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fèsì. Wọ́n ní £31,000. Láti ọjọ́ èsì náà, oṣù mẹ́fà ni òfin fi sílẹ̀ fún dúnàádúrà. Bí kò bá sí àdéhùn láàárín rẹ̀, ẹni tó ń béèrè gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé. Bí ó bá gbàgbé, ìbéèrè rẹ̀ di òfo nìyẹn, á sì dúró fún ọdún kan gbáko kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà wa kò gbàgbé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àwọn tó ń díyelé níhà méjèèjì pàdé sí £22,500. Nígbà tí a fi owó lọ́yà wa kún un, àti ti ẹni tó bá wa díyelé, àti owó lọ́yà onílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òfin ìgbà náà ní àwa ni a ó san ìyẹn náà, gbogbo rẹ̀ di £27,700.

Ẹ rántí £4,000 ti ọdún 2005.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi owó púpọ̀ sílẹ̀. Ìyàwó wa kó £15,000 jáde, gbogbo ohun tó fi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kó jọ láti ọdún yìí wá. Ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mú £4,000 wá. Ó ku £8,700. Mo mọ ibi tí owó tó tó bẹ́ẹ̀ wà. Owó Hájì ni, tí èmi àti ìyàwó mi ti ń kó jọ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Kò sí òfin kankan tó ní kí n san án. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà nínú àpò mi. Mo kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi, nítorí pé owó àwa méjèèjì ni. Mo fi lẹ́tà náà hàn án, àti ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àfáà, Káábà kò ní líìsì. Yóò dúró dè wá." Ní ọdún 2020 àti 2021 yẹn, nítorí àrùn kòrónà, kò sí ẹni tí wọ́n gbà láyè láti ìlú òkèèrè wá ṣe Hájì. Owó náà ti jókòó sílẹ̀ lọ́nà kan.

Mo gbé owó náà lọ bá ìyàwó wa. Ó ní òun kò ní gbà á, pé kò sí ìdí tí n ó fi fi owó Hájì mi ra ilé tí n kò ní ìpín nínú rẹ̀. Nígbà náà ni mo yọ lẹ́tà náà. Mo ní, "Ìyàwó wa, ìdí rẹ̀ nìyí. Èmi ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi í sílẹ̀." Ó gba lẹ́tà náà, kò tilẹ̀ yí i padà. Ó ní, "Mo wà ní ìdáná lọ́jọ́ yẹn, mò ń ro àmàlà. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Láti ọjọ́ tí báńkì ọkùnrin yẹn ti kọ̀ ni mo ti rántí."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́. Ó ní, "Kí n sọ ọ́ kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ti ń sáré kiri nítorí àwọn ọmọ. Mo ní bó bá wù yín, ẹ ó sọ ọ́ fúnra yín." Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó gba owó náà. Ó ní kí n wá ìwé, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbèsè ni, pé nígbà tí ilé bá tà, wọn yóò san án padà. Mo ní kì í ṣe gbèsè. Ó ní gbèsè ni, àti pé èmi ni mo kọ́ òun pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹ̀rín pa wá, ẹkún sì pa wá. A kọ ọ́. Ọmọ wa obìnrin àti àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ẹlẹ́rìí.

Líìsì tuntun náà jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Èyí tí ì bá parí ní 2087, ní 2177 ni yóò parí báyìí, ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ hóró ata kan. Ní ọdún 2022, fúláàtì náà tà ní £258,000. Ìyàwó wa san owó mi padà láìku kọ́bọ̀, ó fi ìpín àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ tirẹ̀ láti ra ilé kékeré kan ní ìlú mìíràn, a sì kọ ìpín oníkálùkù sílẹ̀. Kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ilé náà, ó fi í ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Àfáà, ẹ bá mi kà á." Ojú ìwé 34 ni. Mo jókòó, mo kà á tán, èyí tí kò yé mi nínú rẹ̀, mo béèrè. Èmi àti ìyàwó mi ṣe Hájì ní ọdún 2024.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ wo ni mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀? Bí ẹ bá ní fúláàtì, tàbí bí òbí yín bá ní in, ẹ wá líìsì rẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ wo ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo iye ọdún tí wọ́n kọ sí i, ẹ yọ ọ́. Bí ó bá ń súnmọ́ 80, ẹ má sùn. Bí onílẹ̀ bá fẹ́ ṣe é fún yín láìgba ọ̀nà òfin, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ìṣákọ́lẹ̀ sí kí ẹ tó ka iye owó. Àjọ kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1994, Leasehold Advisory Service, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun kan tó ní kí ọdún 990 rọ́pò 90, kí owó ìgbéyàwó sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo apá òfin ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2025 ni pé kò pọn dandan mọ́ kí ènìyàn ti ní ilé fún ọdún méjì kí ó tó béèrè. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ní òun ń dúró de òfin, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí òfin dé lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tó wà nílé náà, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé àṣẹ tí à ń pè ní C of O sì máa ń ní iye ọdún nínú, 99 ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gba tirẹ̀ ní ọdún 1980, ní 2079 ni yóò parí. Ọmọ tí a bá sọ lórúkọ lónìí kò ní tíì darúgbó nígbà náà. Mélòó nínú wa ló ti ṣí ìwé yẹn wò? A kàn dì í sínú ọ̀rá, a fi í sábẹ́ ibùsùn, a sì ń sọ pé a nílé.

Ọdún 82 tí mo fi rẹ́rìn-ín, kò pẹ́ tí ó fi di 68. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo bi pé ta ni yóò wà láyé, òun ni ó kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Ẹni tí a bá wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá mọ̀, kí ó ní òun kò mọ̀. Kò dín ọ̀mọ̀wé kù. Lẹ́tà ọdún 2005 náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Inú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ni mo fi í sí.

Kí Ọlọ́hun forí jin ẹ̀gbọ́n mi, kí Ó fi àlùjánnà ṣe ilé fún un, ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ka ọdún rẹ̀. Kí Ó má jẹ́ kí ẹnu wa kó àwọn ọmọ wa sí gbèsè. Àmín.